Mo fẹ́ kúrò nídìí ìṣirò owó bọ́ sídìí iṣẹ́ dátà, àmọ́ ẹnu tí mò ń bọ́ pọ̀

Bàbá Ìbejì (Ìkòròdú)

Ẹ kú àárọ̀ o, gbogbo ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Mo ti dá a rò títí, kò yanjú.

Bánkì ni mo ti ń ṣiṣẹ́ látìgbà tí mo ti sìnrú ìlú tán. Ẹ̀ka reconciliation ni mo wà. Bí oníbàárà bá fi owó ránṣẹ́ tí kò dé, tí POS yọ owó ẹnì kan lẹ́ẹ̀mejì, tí ìwé tiwa àti ti NIBSS (ilé-iṣẹ́ tó ń gbé owó láti bánkì kan sí òmíràn) kò bára mu, àwa la máa ń wá owó náà rí. Mo ti yege ìdánwò ICAN, ẹgbẹ́ àwọn akáńtáǹtì. Excel mi dáa débi pé àwọn ẹ̀ka mìíràn máa ń wá yá mi. Àmọ́ ìṣirò owó ti sú mi. Mo ti ń kọ́ SQL (èdè tí a fi ń béèrè dátà lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà) àti Python (èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà) lóru, ó sì ń dùn mọ́ mi ju iṣẹ́ tí wọ́n ń sanwó fún lọ. Data analyst, ẹni tó ń yẹ dátà wò láti rí ohun tó ń sọ, ni mo fẹ́ dà.

Ibi tó ti le nìyí. Ìyàwó mi ń ṣe tíṣà nílé-ìwé aládàáni, owó rẹ̀ kò tó nǹkan. Ìbejì wa máa wọ praimárì láìpẹ́. Ìyá mi wà ní Ìjẹ̀bú-Igbó, èmi ni mò ń ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn. Àbúrò mi ọkùnrin ṣì wà ní yunifásítì ní Ifẹ̀. Mo jẹ bánkì ní gbèsè mọ́tò, mo sì tún yá owó ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Ilé-iṣẹ́ kékeré kan ní Yaba wá ní kí n máa bọ̀ wá ṣe data analyst fún àwọn, ṣùgbọ́n owó oṣù tí wọ́n pè kò tó ìdá méjì nínú mẹ́ta ohun tí mò ń gbà. Ọmọ ọdún 34 ni mí. Ṣé kí n lọ, àbí kí n jókòó síbi tí mo wà?

Ọmọ Yaba

Bọ̀dá, ẹ gbà á kíá! Ẹ má jẹ́ kí bánkì lo yín gbó. Èmi kò ka ìṣirò owó rárá, botany ni mo kà, mo kọ́ Python lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo sì ń jẹun lórí ẹ̀ lónìí. Ètò 3MTT tí ìjọba àpapọ̀ gbé kalẹ̀ ní 2023 náà ń kọ́ àwọn èèyàn ní data analysis lọ́fẹ̀ẹ́. Bí ẹ bá ti wọlé, owó á máa gòkè. Ẹ̀rù ló ń bà yín.

Ìyá Àkànkẹ́

Ọmọ Yaba, ìwọ ti bímọ? Ìbéèrè lásán ni o, má bínú.

Bàbá Ìbejì, ọ́dítọ̀ ni mí tẹ́lẹ̀, ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ dátà ni mò ń darí báyìí ní ilé-iṣẹ́ kan tó ń bá èèyàn fi owó ránṣẹ́ lórí fóònù. Èmi ni mo máa ń ka ìwé àwọn tó ń wáṣẹ́ sọ́dọ̀ wa. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí nínú ọ̀rọ̀ yín tí ẹ̀yin fúnra yín kò rí: ẹ ń pe ara yín ní ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ dátà lẹ sì ń ṣe láti ọjọ́ yìí wá. Kí ni reconciliation? Ìwé méjì ni, ẹ wá ohun tó so wọ́n pọ̀, ẹ yọ èyí tó bára mu kúrò, ẹ wá wádìí èyí tó kù. Nínú SQL, LEFT JOIN, àṣẹ tó ń so tábìlì méjì pọ̀, la máa fi ṣe é, a ó wá mú ìlà tí apá ọ̀tún rẹ̀ ṣófo. Ohun tí ẹ ń fi VLOOKUP ṣe nínú Excel nìyẹn. Àwọn ọmọ tó ń jáde nílé ẹ̀kọ́ dátà mọ bí wọ́n ṣe ń kọ JOIN yẹn dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn ìdí tí owó tó kúrò lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì fi lè fara hàn nínú ìwé ọjọ́ Ajé, wọ́n á máa wò yín. Oṣù gbọọrọ ni mo máa ń fi kọ́ wọn ní nǹkan wọ̀nyẹn. Ẹ̀yin ti mọ̀ ọ́n.

Nípa ohun tí ẹ máa kọ́: ẹ fi Python sílẹ̀ ná. SQL ni kí ẹ gbájú mọ́ títí ẹ ó fi lè kọ ọ́ láìwo ìwé. Excel kò gbà ju ìlà 1,048,576 lọ lórí ṣíìtì kan, ẹ sì mọ̀ pé ìdúnàádúrà bánkì ńlá lọ́jọ́ kan á kún un bò ó. Lẹ́yìn SQL, Power Query, irinṣẹ́ ìtún-dátà-ṣe tó wà nínú Excel yín gan-an, tí ọ̀pọ̀ akáńtáǹtì kò tẹ̀ rí. Lẹ́yìn ìyẹn, Power BI, tí a fi ń sọ dátà di àwòrán. Bí ẹ bá wá padà sídìí Python, pandas, àkójọ irinṣẹ́ dátà inú Python, ni ẹ máa lò jù. Inú ilé-iṣẹ́ owó náà ni pandas ti wá: Wes McKinney ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ ní 2008 nígbà tó ń ṣiṣẹ́ ní AQR, ilé-iṣẹ́ ìdókòwò kan, nítorí kò rí irinṣẹ́ tó tẹ́ ẹ lọ́rùn fún iṣẹ́ ìṣirò tí wọ́n gbé fún un.

Ẹ sì mọ̀ pé iṣẹ́ yìí náà máa ń súni. Orúkọ ìlú kan tí wọ́n kọ ní oríṣi mẹ́fà, déètì tí oṣù ti gba ipò ọjọ́, ọ̀gá tó fẹ́ nọ́ńbà kó tó di aago mẹ́wàá: ohun tó ń jẹ àkókò wa jù nìwọ̀nyẹn.

Alàgbà Mọ́kọ́lá

Mo ti fẹ̀yìntì nídìí iṣẹ́ bánkì, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ bí àgbà. Ọmọ mi, kí o tó dá Yaba lóhùn, lọ mú lẹ́tà tí o fi gba owó mọ́tò jáde, kí o kà á dé ìsàlẹ̀. Èlé tí bánkì ń gbà lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ kò ju díẹ̀ lọ. Nínú ọ̀pọ̀ lẹ́tà bẹ́ẹ̀, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọjọ́ tí o bá fi iṣẹ́ sílẹ̀, yálà kí o san gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà tàbí kí èlé rẹ̀ di ti ará ìta. O sì mọ ohun tí ti ará ìta jẹ́. CBN, bánkì àgbà ilẹ̀ wa, gbé MPR, èlé ìpìlẹ̀ tí àwọn bánkì ń tẹ̀ lé, dé 27.5% ní oṣù Kọkànlá 2024. Nígbà tí wọ́n dín in kù ní oṣù Kẹsàn-án 2025, 27% náà ló ṣì jẹ́. Bánkì kò ní fún ọ ní iye yẹn, á lé sí i. Da owó tí wàá máa san lóṣù lórí èlé bẹ́ẹ̀ pọ̀ mọ́ owó oṣù tó dín kù, kí o wá wo ohun tó máa ṣẹ́ kù fún ìbejì.

Ti alájẹṣẹ́kù tún wà níbẹ̀. Àwọn tó ṣe onídùúró fún ọ ńkọ́? Bí o bá lọ láìsan tán, inú owó tiwọn ni wọ́n máa yọ ọ́.

Owó ìfẹ̀yìntì. Òfin 2014 ní kí òṣìṣẹ́ dá 8%, kí agbanisíṣẹ́ dá 10%. Ilé-iṣẹ́ tó ní òṣìṣẹ́ 15 sókè ni òfin mú ní dandan. Ilé-iṣẹ́ kékeré ni o pè é, èèyàn mélòó ni wọ́n? Mo tún ń gbọ́ kí àwọn ọmọ máa sọ pé bí àwọn bá kúrò níṣẹ́ àwọn á lọ gba 25% nínú owó ìfẹ̀yìntì. Ẹni tí kò tíì pé 50, tí oṣù mẹ́rin kọjá lórí rẹ̀ tí kò rí iṣẹ́ mìíràn, ló wà fún. Ẹni tó ti bánkì bọ́ sí Yaba lọ́jọ́ kejì kò sí níbẹ̀. Má ṣe kà á mọ́ owó tó wà lọ́wọ́ rẹ.

Kí o béèrè HMO náà, ètò adójútòfò ìlera. Ìbejì kì í ṣàìsàn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ìyàwó Ọ́dítọ̀

Ẹ ti sọ̀rọ̀ SQL, ẹ ti sọ̀rọ̀ èlé, kò sí ẹni tó béèrè ohun tí ìyá ìbejì sọ.

Bàbá Ìbejì, ọkọ tèmi gba ọ̀nà yìí kọjá. Owó kọ́ ló dá ìjà sílẹ̀ nílé wa, àkókò ni. Á dé láti Island ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, á jẹun, á ṣí kọ̀ǹpútà, á ní òun ń kàwé. Èmi ni mo ń wẹ ọmọ, èmi ni mo ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, èmi ni mo ń pọn omi nígbà tí iná ọba bá lọ. Bí mo bá sọ̀rọ̀, á ní nítorí tiwa lòun ṣe ń ṣe é. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò pọnmi. Ohun tó tú wa sílẹ̀ ni pé a jókòó, a pín ọ̀sẹ̀. Alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀ jẹ́ tirẹ̀, àárọ̀ Sátidé náà, mi ò ní pè é. Àwọn ọjọ́ yòókù, kò gbọdọ̀ ṣí kọ̀ǹpútà. Ó kọ́kọ́ rò pé kò ní tó. Ó tó.

Èkejì, àwọn tí ẹ ń gbọ́ bùkátà wọn gbọ́dọ̀ mọ̀. Àbúrò yín ní Ifẹ̀, ọdún mélòó ló kù fún un? Ẹ sọ fún un nísinsìnyí pé láti ìgbà báyìí dé ìgbà báyìí, iye báyìí ni òun á máa rí gbà, kò ní ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ yunifásítì lè kọ́ ọmọ aládùúgbò ní màtí kó fi rí owó oúnjẹ. Ti ìyá kò ṣeé dín kù. Bí àǹfààní bá wà, ẹ bá oníkẹ́mísì kan tó ṣeé fọkàn tán ní Ìjẹ̀bú-Igbó ṣàdéhùn, kí ẹ san ti oṣù mẹ́ta sílẹ̀, kí oògùn wọn má bàa so mọ́ ọjọ́ tí owó oṣù bá wọlé.

Ẹ kò mẹ́nu kan àjọ. Ṣé ẹ ń dá àjọ níbi iṣẹ́? Bí ẹ bá ti kó tiyín, tí ó ku àwọn tí ẹ máa dá fún, gbèsè nìyẹn náà, ẹ kọ ọ́ mọ́ ti mọ́tò. Ẹ má sì fi iṣẹ́ sílẹ̀ kí owó ìsinmi ọdún tó wọlé. Mo ti rí ẹni tó fi ọ̀sẹ̀ díẹ̀ pàdánù rẹ̀.

Adígbèsèwò

Ẹ̀ka credit risk, tó ń wọn ewu gbèsè, ni mo wà, ní bánkì tí n kò ní dárúkọ. Ó yà mí lẹ́nu pé gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ Yaba, kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀ àjà kejì nínú ilé tí ọkùnrin yìí ti wà tẹ́lẹ̀.

Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 2018 tí IFRS 9, ìlànà ìṣirò owó àgbáyé, ti bẹ̀rẹ̀, bánkì kò lè dúró di ìgbà tí oníbàárà kò bá san gbèsè kó tó kọ àdánù sílẹ̀ mọ́. Ó ní láti fojú díwọ̀n rẹ̀ ṣáájú: ó ṣeé ṣe tó mélòó kí ẹni yìí má san, bí kò bá san èló la máa pàdánù, èló ló ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ta ló ń ṣe ìṣirò yẹn? Ẹni tó mọ SQL tó sì mọ ohun tí gbèsè jẹ́. A kì í rí wọn. Àwọn tó mọ kọ̀ǹpútà kò mọ IFRS, àwọn tó mọ IFRS ń bẹ̀rù kọ̀ǹpútà. Ẹ̀ka tó ń ṣọ́ jìbìtì náà ń wá irú èèyàn bẹ́ẹ̀, MIS, ẹ̀ka tó ń ṣe ìjábọ̀ fún àwọn ọ̀gá, náà ń wá a. Bí Bàbá Ìbejì bá yí ẹ̀ka padà nínú bánkì, owó oṣù rẹ̀ kò yí, gbèsè mọ́tò rẹ̀ kò yí, HMO kò yí. Ohun tí wọ́n ń pè é nìkan ló yí.

Ẹ má sì fojú kéré ohun tí Excel lè bàjẹ́. Ní 2012, JPMorgan pàdánù owó tó ju bílíọ̀nù 6 dọ́là lọ ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Nígbà tí wọ́n wádìí rẹ̀, wọ́n rí i pé inú ṣíìtì Excel ni àwòṣe tí wọ́n fi ń wọn ewu wà, èèyàn ló ń fọwọ́ da nọ́ńbà láti ṣíìtì kan sí òmíràn, ibì kan sì wà tí wọ́n ti fi àròpọ̀ pín dípò ìpíndọ́gba. Ẹni tó ti ṣe reconciliation rí á fura sí nọ́ńbà bẹ́ẹ̀.

Bàbá Ìbejì (Ìkòròdú)

Ẹ ṣeun púpọ̀, Ọlọ́run á bù kún yín. Alàgbà, mo ti ka lẹ́tà náà, bí ẹ ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́ ni, èlé ará ìta ni. Àwọn ará Yaba jẹ́ mọ́kànlá, kò sí owó ìfẹ̀yìntì, kò sí HMO. Àǹtí Ìyàwó Ọ́dítọ̀, mo ka ọ̀rọ̀ yín sétígbọ̀ọ́ ìyàwó mi, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n bi yín bóyá ilé wa lẹ ń gbé. Àjọ ńkọ́? Mo ti kó o, ó ku oṣù mélòó kan tí mo máa dá.

Ìbéèrè kan. Gbogbo ẹni tí mo bá sọ̀rọ̀ ní kí n ṣe iṣẹ́ tí mo lè fi han èèyàn. Mo ní fáìlì ìdúnàádúrà ọdún kan lórí laptop iṣẹ́. Bí mo bá yọ orúkọ àwọn oníbàárà kúrò, ṣé mo lè gbé e sórí GitHub, ìkànnì tí àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ti ń fi iṣẹ́ wọn hàn?

Ìyá Àkànkẹ́

Rárá! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò. Orúkọ nìkan kọ́ ló ń fi èèyàn hàn. Nọ́ńbà àkáǹtì, aago tí wọ́n ná owó, ibi tí POS wà, ẹni tó bá mọ̀ wọ́n á dá wọn mọ̀. A ti ní òfin ààbò dátà láti 2023, bánkì yín náà sì ní òfin tirẹ̀, ẹni tó bá kó fáìlì oníbàárà jáde lè sọ iṣẹ́ àti orúkọ ICAN rẹ̀ nù lọ́jọ́ kan náà. Kódà bí wọn kò bá mú yín, bí ẹni tó ń wáṣẹ́ bá fi irú fáìlì bẹ́ẹ̀ hàn mí, mi ò ní gbà á. Ohun tó ṣe fún ọ̀gá àná ló máa ṣe fún èmi náà.

Ẹ lọ sórí ìkànnì NBS (àjọ ìjọba tó ń kó ìṣirò orílẹ̀-èdè jọ) àti ti CBN, dátà wà níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ jẹ́ kí n fún yín ní èyí tó máa fi hàn pé ẹ̀yin kì í ṣe ọmọ tó jáde lánàá. Ní oṣù Kejìlá 2024, NBS ní ọ̀wọ́ngógó ọjà jẹ́ 34.80%. Ní oṣù Kìíní 2025, wọ́n ní 24.48%. Ẹni tó mọ Power BI nìkan á fa ìlà kan wálẹ̀ gbọọrọ, á kùn ún ní àwọ̀ ewé, á kọ ọ́ sókè pé ọjà ti rọ̀. Ìyàwó ilé wo ló rí i kó rọ̀? NBS ló pààrọ̀ ọdún ìpìlẹ̀ (ọdún tí wọ́n fi ń wọn iye owó ọjà) láti 2009 sí 2024, tí wọ́n sì tún ìwọ̀n àwọn ohun tí wọ́n ń kà sínú rẹ̀ ṣe. Nọ́ńbà méjèèjì kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn. Bí ẹ bá kó dátà yẹn jọ, tí ẹ fi ibi tí ìlà ti já hàn, tí ẹ sì fi ìpínrọ̀ mẹ́ta ṣàlàyé ìdí rẹ̀, màá pè yín fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Ọ̀kan bẹ́ẹ̀ tó. Ẹ má ṣe mẹ́wàá.

Àrẹ̀mọ Leeds

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Iṣẹ́ akáńtì ni mo ṣe nílé, dátà ni mò ń ṣe níhìn-ín. Mo rí i pé ẹnì kan máa tó dárúkọ ìlú òyìnbó, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kó tó dé. Láti oṣù Keje 2025, owó oṣù tí físà Skilled Worker, físà iṣẹ́ ti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ń béèrè ti di £41,700 lọ́dún fún ọ̀pọ̀ iṣẹ́, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iṣẹ́ dátà kò sì sábà rí agbanisíṣẹ́ tó máa san iye yẹn kó tún san owó ìwé rẹ̀. Ẹ má fi físà ṣe ìdí tí ẹ fi ń kọ́ SQL. Bí ẹ bá wá síbí lọ́jọ́ kan, ọdún tí ẹ fi mọ iṣẹ́ bánkì ni wọ́n máa bi yín léèrè jù. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bi èmi.

Ọmọ Yaba

Ó dáa, ẹ ti bá mi wí tán, mo gbà. Mo fà sẹ́yìn lórí "ẹ gbà á kíá". Àmọ́ ọ̀rọ̀ kan wà tí mi ò ní fà sẹ́yìn lórí ẹ̀. Bánkì ńlá lè fi orúkọ data analyst pe èèyàn kó máa fi ọdún mẹ́ta tẹ ìjábọ̀ kan náà jáde lárààárọ̀. Ní ilé-iṣẹ́ kékeré, ẹ̀yin lẹ máa kọ́ tábìlì, ẹ̀yin lẹ máa ṣàlàyé fún ọ̀gá, ẹ̀yin lẹ máa tún un ṣe nígbà tó bá bàjẹ́ lóru. Ìmọ̀ ibẹ̀ yàtọ̀. Ṣé ẹ kò lè bẹ àwọn ará Yaba kí ẹ máa ṣe é ní Sátidé?

Alàgbà Mọ́kọ́lá

Kí ó kọ́kọ́ wo ìwé ìgbanisíṣẹ́ rẹ̀ o. Púpọ̀ nínú àwọn bánkì kò fẹ́ kí òṣìṣẹ́ gba owó níbòmíràn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọmọ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Mo mọ àwọn tó fi ogún ọdún tẹ ìjábọ̀ kan ṣoṣo.

Adígbèsèwò

Mo fara mọ́ ọn. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kó kàn béèrè fún orúkọ oyè tuntun. Kí ó béèrè irú iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí wọ́n bá ní ìjábọ̀ nìkan, kí ó wá ẹ̀ka tó ń ṣọ́ jìbìtì lọ. Àwọn yẹn kì í ṣe ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì, nítorí àwọn olè náà kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Bàbá Ìbejì (Ìkòròdú)

Èmi àti ìyàwó mi ti sọ ọ́ lánàá. A kò ní gba ti Yaba. A máa san alájẹṣẹ́kù tán ná, ti mọ́tò á máa lọ lórí èlé òṣìṣẹ́. Mo fẹ́ kọ̀wé sí ọ̀gá MIS, obìnrin ni, a máa ń kíra wa nínú ẹ̀rọ agbéniròkè, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ni mo máa sọ tí kò ní dà bíi pé mò ń tọrọ? Ọ̀gá tèmi sì ńkọ́, kó má lọ rò pé mo fẹ́ dalẹ̀ òun.

Ìyá Àkànkẹ́

Ọ̀gá yín lẹ máa kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀, lójú, kì í ṣe lórí ímeèlì. Ẹ sọ fún un pé ẹ fẹ́ fi SQL ṣe apá kan nínú reconciliation tí ẹ ń fọwọ́ ṣe, kí ó lè yá. Kò sí ọ̀gá tó máa kọ ìyẹn. Ẹ tọrọ àṣẹ láti rí dátà náà lọ́nà tó tọ́, kí ẹ sì ṣe é títí yóò fi máa ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀.

Lẹ́yìn náà lẹ tó kọ̀wé sí ọ̀gá MIS, ìlà mẹ́rin péré. Ẹ kí wọn. Ẹ ní ẹ ti sọ iṣẹ́ kan tí ẹ̀ka yín ń fi gbogbo àárọ̀ ṣe di ohun tó ń parí kí wọ́n tó mu tíì tán. Ẹ ní ẹ fẹ́ kí wọ́n bá yín wò ó bóyá ẹ kọ ọ́ dáadáa. Ẹ béèrè ìṣẹ́jú ogún lọ́wọ́ wọn. Ẹ má mẹ́nu kan pé ẹ fẹ́ yí ẹ̀ka padà, àwọn fúnra wọn ló máa bi yín. Ẹ má sì fi í ránṣẹ́ ní ìparí oṣù, ìjábọ̀ ni wọ́n ń bá jìjàkadì nígbà yẹn. Ọ̀sẹ̀ kejì ló dáa, àárọ̀ ọjọ́ Ọjọ́rú.